Ẹni Tó Di Réèkì Mú

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Báàgì ló sọ ọ́.
Ó yanu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, mo fẹ́ tì í sẹ́yìn
kí ọmọ kan má baà fi kọsẹ̀,
mo bá rí ẹ̀wù pupa tuntun, lébẹ́ẹ̀lì ò tíì kúrò lọ́rùn rẹ̀,
orúkọ ẹgbẹ́ kan ní Kálígárì gàdàgbà-gadagba lẹ́yìn rẹ̀.
Mo fa síìpù dé.
Mo fọn fèrè.

Oṣù Kejì ni, ní Wínípẹ́ẹ̀gì.
Níta, yìnyín ti bo ọkọ̀ mi dé gíláàsì;
nínú gbọ̀ngàn, yanrìn tí wọ́n fi tírélà kó wọlé
ò mọ̀ pé òtútù ń mú.
Yanrìn yìí loko mi, réèkì lọkọ́ mi.
Àwọn ọmọ á sáré, wọ́n á fò, wọ́n á balẹ̀ gbì,
n ó wọ̀n ọ́n, n ó pe iye rẹ̀,
n ó sì fi réèkì pa ojú ẹsẹ̀ wọn rẹ́
kí ẹlòmíràn lè rí ibi balẹ̀ sí.

Fadérera, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún:
ọdún mẹ́ta ni mo fi bá ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jà.
Á tẹ pákó kọjá ní ìwọ̀n ìka kan,
àsíá pupa á gòkè,
ìfò tó dáa jù lọ á dòfo.
Ìgbà tí ẹsẹ̀ náà wá fẹ́ máa gbọ́ràn,
ẹlòmíràn ni yóò máa rán an níṣẹ́.

Bàbá Dárínà bá mi nídìí ẹ̀rọ kọfí:
"Kóòṣì, ọmọ tó ti di ẹrù rẹ̀, kí lò ń kọ́ ọ fún?
Fi ipò rẹ̀ fún Lígáyà, òun ló máa dúró."
Kò purọ́. Lígáyà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
ló máa ń tètè dé, ló máa ń bá mi ká téèpù,
á máa wo ẹnu mi bí ẹni wo ìkòkò lórí iná.
Orúkọ mẹ́ta péré ni ìwé ìdíje oṣù Kẹrin gbà,
ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì fẹ́ ẹ.
Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ.

Ta ni mo tiẹ̀ fẹ́ bá wí?
Ní Ìkìrun, èmi náà lọ láìdágbére.
Tíṣà Ojúọlápé, tó ń fi igi ẹ̀gẹ́ wọn ìfò wa
torí ilé-ẹ̀kọ́ ò ní téèpù,
kò mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti ra bàtà fún mi.
Ọjọ́ ìdíje pé, wọ́n pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ọ̀rẹ́ mi ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà
pé ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni tíṣà dìde,
tó ń wo ẹnu géètì.
Ìdìde yẹn bá mi wọ bàálù;
kò sẹ́ni tó bá mi wọ̀n ọ́n ní pápákọ̀ òfurufú.

Torí náà n ò bi í.
Ìbéèrè a máa sọ ọmọ dòpùrọ́.
Mo ní, "Gbé orúnkún sókè."
Mo ní, "Má wo pákó, iwájú ni kó o wò."
Ohùn mi ṣe bákan lórí èyí kejì.

Ọjọ́bọ̀. Àwọn yòókù ti ń wọ kóòtù.
Ó fò, ó balẹ̀, ó dìde,
n ò tíì na téèpù tó fi gba réèkì lọ́wọ́ mi.
Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.
Ó fa yanrìn náà jẹ́jẹ́
títí ojú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fi parẹ́,
ó sì ń fà á lọ nígbà tí kò sí nǹkan tó kù láti fà.
"Kóòṣì," ló wí, ní Yorùbá tó máa ń ṣọ́ ná
bí owó oṣù tó ti ń tán lọ,
"mo… màmá mi ní…"
Mo ní mo mọ̀.
Ó sunkún díẹ̀, ó fi apá ẹ̀wù nu imú.
Mo gba réèkì mi. Pẹ́ńsù ṣì wà lápò mi.

Mo ní, "Ó dáa. Padà síbi ìbẹ̀rẹ̀.
Ẹsẹ̀ òsì yẹn ṣì ń tẹ pákó kọjá."